Epo Ni Ọkọ̀ Rù: Ẹ Má Dúró Dìgbà Tí Ọ́ìlì Bá Dúdú

Gbólóhùn kan wà tí etí wa ti gbọ́ kún ní Ìbàfò: "Ọkọ̀ tuntun ni, kí lẹ tún fẹ́ ṣe sí i?" Ẹni tó ra ọkọ̀ ń sọ ọ́. Dírẹ́bà rẹ̀ ń sọ ọ́. Mẹkáníìkì tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ náà ń sọ ọ́. Bí ẹ bá ta kò wọ́n, wọn á fa géèjì ọ́ìlì yọ, wọn á fi àkísà nù ún, wọn á ní, "Ẹ wò ó, kò tíì dúdú. Ẹ jẹ́ ká máa lò ó lọ." Àwa ò gbà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni kò tọ̀nà, gbèsè ni wọ́n sì ń kó àwọn èèyàn wa sí.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn. Ẹ má wá ọjọ́ sáàfíìsì àkọ́kọ́ lọ sínú àwọ̀ ọ́ìlì, ẹ má sì wá a lọ sẹ́nu ẹnikẹ́ni lábẹ́ igi. Inú ìwé ìléwọ́ tó bá ọkọ̀ wá ló wà. Àwa tí a ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn gbọ́dọ̀ tètè ṣe é ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, nítorí pé ìwé náà fúnra rẹ̀ ló ní kí irú wa ṣe bẹ́ẹ̀.

A mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ máruwá lọ sí kíláàsì, kí ló kàn yín nínú sáàfíìsì mọ́tò?" Ó kàn wá dáadáa. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde ti ń ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ wọn. Òmíràn fi owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rà á, wọn yóò sì máa yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Òmíràn rà á láti fi ṣe kábúkábú, kí ó lè rí owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò san. Àbúrò yẹn lè jẹ́ ọ̀kan nínú wa. Bí ẹ́ńjìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá nọ́ọ̀kì kí gbèsè tó tán, ẹni tó rà á yóò máa san owó ohun tí kò lè gbé e dé ìsàlẹ̀ afárá mọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tiwa ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tí àwọn èèyàn ń pè ní "tear rubber", èyí tó ti ilé iṣẹ́ wá tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí. Nínú ẹ́ńjìn, irin ló ń yí lára irin, ọ́ìlì ló sì wà láàárín wọn tí kò jẹ́ kí wọ́n jẹ ara wọn. Nígbà tí ẹ́ńjìn ṣì tuntun, àwọn irin yìí kò tíì mọ ara wọn lára. Bí wọ́n ṣe ń yí ni wọ́n ń ha ara wọn díẹ̀díẹ̀, tí èérún irin tí ojú kò lè rí ń bọ́ sínú ọ́ìlì. Fílítà á mú púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìwé ìléwọ́ fi ń kìlọ̀ pé láàárín kìlómítà 1,000 àkọ́kọ́, kí a má tẹ ẹ́ńjìn ní àtẹ̀jù, kí a má di ẹrù tó wúwo lé e, kí a má sì fi fa ọkọ̀ mìíràn. Ọ̀nà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dán kò gbọ́dọ̀ tàn yín. Kìlómítà 100 ní wákàtí kan ni òfin ìrìnnà fi dé ọkọ̀ aládàáni lójú ọ̀nà márosẹ̀, ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò sì nílò láti dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Láyé ọkọ̀ Ìjàpá ti Volkswagen, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, ní 1975, irin inú ẹ́ńjìn kò dán tó ti òde òní. Ọgọ́rùn-ún mélòó kan kìlómítà péré ni ọkọ̀ yóò rìn tí wọ́n á ti yí ọ́ìlì rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gé irin lónìí ti dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ilé iṣẹ́ sì ti sún ọjọ́ náà síwájú. Honda tiẹ̀ kìlọ̀ pé kí a má yí ọ́ìlì àkọ́kọ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bàbá tó ní kí ọmọ rẹ̀ yí ọ́ìlì lọ́jọ́ kejì tó gbé ọkọ̀ délé ń sọ̀rọ̀ ayé Ìjàpá. Ọmọ tó ní ọkọ̀ tuntun kò fẹ́ nǹkan kan ń sọ̀rọ̀ ayé tí kò tíì dé. Ẹ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ ṣí ìwé.

Nínú ìwé náà ẹ ó rí nǹkan méjì: iye kìlómítà àti iye oṣù. Èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì ni kí ẹ tẹ̀lé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ìwé kà, nítorí pé wọ́n á wo iye tó pọ̀ jù, wọ́n á pa ìwé dé. Bí ẹ bá yí ojú ewé sí i, ẹ ó rí ìlànà kejì tó wà fún ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níbi tó le. Ẹ wo àpẹẹrẹ Toyota ní Amẹ́ríkà: ọkọ̀ wọn tó ń lo ọ́ìlì 0W-20 lè rìn máìlì 10,000 tàbí kó lo oṣù 12 kí wọ́n tó yí ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà eléruku ló ń rìn, tàbí tó ń pẹ́ lórí ìdúró pẹ̀lú ẹ́ńjìn títàn, tàbí tí wọ́n fi ń ṣe takisí, máìlì 5,000 tàbí oṣù 6 ni. Wọ́n gé e sí méjì. Eruku, ìdúró, kábúkábú: àfi bí ẹni pé ẹni tó kọ ọ́ dúró sí Kara ní agogo méje àárọ̀ Ọjọ́ Ajé!

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ìdúró náà. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 127. Àtúnṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ojú ọ̀nà sì ti dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń ti Mòwé àti Ìbàfò lọ síṣẹ́ l'Ékòó mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò tíì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ Ford ní ìṣírò kan fún ọkọ̀ tó máa ń dúró pẹ̀lú ẹ́ńjìn títàn, bíi ti ọlọ́pàá: wákàtí kan lórí ìdúró dà bíi máìlì 33 lára ẹ́ńjìn, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 53.

Ká mú ẹnìkan tí àlọ àti àbọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 60, tó sì ń lo wákàtí kan péré lórí ìdúró lójúmọ́. Ká fi ọjọ́ iṣẹ́ 22 sí oṣù kan. Mítà ọkọ̀ yóò ka kìlómítà 1,320 lóṣù. Ìdúró yóò fi kìlómítà 1,166 kún un tí mítà kò rí. Nígbà tó bá fi máa di oṣù mẹ́rin, mítà yóò máa sọ pé 5,280, ẹ́ńjìn á sì ti ṣe iṣẹ́ kìlómítà 9,944. Ẹni tó ń retí 10,000 lójú mítà ti jẹ ẹ́ńjìn rẹ̀ ní gbèsè. Wákàtí kan la sì fi ṣírò o! Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Long Bridge kọjá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí èrò ń wọ́ lọ sí Redemption City, ẹ mọ̀ pé àánú la ṣe mítà.

Ó ku ti eruku. Àwọn àgbà ní, "Epo ni mo rù, oníyangí má ba tèmi jẹ́." Láàárín wa, ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń wá ìjà ni wọ́n máa ń pa á fún. Ọkọ̀ gan-an ló yẹ kó máa pa á báyìí. Ẹ kúrò lójú títì, ẹ yà sí àdúgbò èyíkéyìí tí kò ní ọ̀dà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Yangí àti iyanrìn ló ń fò sókè yẹn. Atẹ́gùn tí ẹ́ńjìn ń fà símú ń gba inú fílítà atẹ́gùn kọjá. Bí fílítà náà bá ti di, ẹ́ńjìn kò ní lè mí dáadáa, agbára rẹ̀ yóò sì dín kù. Bí ó bá ya tàbí tí kò jókòó dáadáa, eruku yóò bá atẹ́gùn wọlé, yóò dé inú ọ́ìlì, ọ́ìlì tó yẹ kó máa gba irin lọ́wọ́ irin yóò wá di ohun tó ń lọ irin. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n ṣí fílítà atẹ́gùn lójú yín ní sáàfíìsì àkọ́kọ́, bí wọ́n tiẹ̀ ní kò tíì tó àsìkò láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti àwọ̀, ẹ jẹ́ ká pa irọ́ yẹn lónìí. Èròjà wà nínú ọ́ìlì òde òní tó ń fọ inú ẹ́ńjìn, tó sì ń gbá èérí mọ́ra. Bó bá dúdú, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á ló ń ṣe. Bó bá ṣì mọ́, ìyẹn kò sọ pé agbára rẹ̀ kò tíì tán, nítorí pé èérún irin kò hàn sójú, ooru tó ti sè é kò ní àwọ̀, epo bẹntiróòlù tó jò wọ inú rẹ̀ kò sì ní kí ó dúdú. Géèjì wà fún wíwo bóyá ọ́ìlì pé. Kò lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Wàyí o, àwọn tó ń ta ọkọ̀ náà jẹ̀bi. Wọ́n á ní sáàfíìsì àkọ́kọ́ ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á sì fi í sí ibi tí ẹni tó ń gbé Ìbàfò yóò pàdánù odindi ọjọ́ iṣẹ́ kan kó tó débẹ̀. Wọ́n á gbé ìwé olójú-ewé irínwó lé oníbàárà lọ́wọ́ láìṣí ojú ewé kan hàn án. Òògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé, bẹ́ẹ̀ ni sáàfíìsì ọ̀fẹ́ ṣe ń kú sínú àpótí iwájú ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìn bá wá dákẹ́, wọ́n á béèrè ìwé sáàfíìsì. Kò sí òǹtẹ̀, kò sí rìsíìtì, wáráńtì di ìtàn. A ń sọ fún ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa: ẹ gba ìsinmi ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́, ẹ lọ gba ohun tí ẹ ti san owó rẹ̀. Kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Inú iye tí ẹ ra ọkọ̀ ló wà.

Ẹni tí kò bá lè lọ síbẹ̀, tàbí tí wáráńtì rẹ̀ ti tán, mẹkáníìkì àdúgbò lè ṣe é. A kò bá àwọn tó ń fi mẹkáníìkì wa ṣe ẹlẹ́yà kẹ́gbẹ́. Púpọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́ wọn bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó yan ọ́ìlì fún yín. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé ọ́ìlì 20W-50 ni wọ́n á rọ sí gbogbo ọkọ̀, wọ́n á ní èyí tí ìwé pè, 0W-20 tàbí 5W-30, "fẹ́ẹ́rẹ́ jù fún ooru ilẹ̀ wa". Iye tó gbẹ̀yìn lára àmì náà ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìn bá gbóná, àwọn tó kọ́ ẹ́ńjìn náà sì mọ bí ihò tí ọ́ìlì ń gbà kọjá ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Àwọn ìwé kan máa ń to ọ́ìlì méjì tàbí mẹ́ta tí a lè lò ní ilẹ̀ olóoru. Ẹ mú nínú èyí tí wọ́n tò. Ẹ rà á fúnra yín níbi tí wọ́n ti lè fún yín ní rìsíìtì, nítorí pé ayédèrú ọ́ìlì pọ̀ lọ́jà débi pé àjọ SON ti pariwo nípa rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá sì rọ ọ́ tán, ẹ fi ọ̀bẹ gún ike rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà rọ ìdọ̀tí sínú rẹ̀ tà. Ọ́ìlì àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ inú gọ́tà. Kànga àti odò wa ni gọ́tà yẹn ń wá sí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní ra "tear rubber" láéláé. Tòkunbọ̀ ni tiwa, òun náà sì ni "ọkọ̀ tuntun" lẹ́nu ìyá tó ń gbàdúrà sí i lórí. Fún tòkunbọ̀, sáàfíìsì àkọ́kọ́ kò ní kìlómítà tí a ń dúró dè. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ gbà á gan-an ni. Ẹ kò mọ ìgbà tí ẹni tó lò ó lókè òkun ti yí ọ́ìlì gbẹ̀yìn, ẹ kò mọ iye oṣù tó fi jókòó ní èbúté, ẹ kò sì lè fi gbogbo ẹnu sọ pé iye tó wà lójú mítà lóòótọ́ ni. Ẹ yí ọ́ìlì àti fílítà, ẹ wo ọ́ìlì gíyà, omi rẹdiétọ̀, ọ́ìlì bíréèkì, bátìrì, fáànù bẹ́ẹ̀lìtì, àti ọdún tí wọ́n kọ sára táyà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀ bí ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Wọ́n á ní, "Owó dà?" A mọ̀ pé owó kò sí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, ẹni tó ń rọ epo lásán gan-an ń ṣe akin. Ṣùgbọ́n ẹ fi owó ọ́ìlì lítà mẹ́rin àti fílítà kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fi owó ẹ́ńjìn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹni tí kò ní owó gan-an ló yẹ kó ṣe sáàfíìsì jù, torí olówó lè ra ẹ́ńjìn mìíràn.

Wọ́n á tún ní àṣà Òyìnbó ni pé kí a máa tọ́jú ohun tí kò tíì bàjẹ́. Ìyẹn ló dùn wá jù, nítorí pé ẹ̀kọ́ Yorùbá là ń kọ́. Babaláwo kì í dúró dìgbà tí Ifá bá bínú kó tó ṣe ọ̀sẹ̀ Ifá. Ó ní ọjọ́ tó ń pé, bó bá sì ti pé, ó ti pé. Alágbẹ̀dẹ kì í dúró dìgbà tí wàhálà bá dé kó tó bọ Ògún, ọlọ́dọọdún ni ọdún Ògún. Àwọn baba wa mọ̀ pé ohun tí a bá fẹ́ kó ṣe wá lóore, a ń bọ ọ́ lásìkò rẹ̀. Àwa tí a sọ pé Ògún ló ni irin la wá ń wa irin Ògún kiri láìfún un ní epo. Ta ni Òyìnbó nínú wa báyìí?

Ọ̀rọ̀ tó kù, ilé tiwa ló kàn. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà Nàìjíríà ti 2018 ní kí ìwé tí a ń fún oníbàárà wà ní èdè tó rọrùn láti yé e. Títí di òní, a kò tíì rí ìwé ìléwọ́ ọkọ̀ kan ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì fi ń kọ́ṣẹ́ ní Ìbàfò, ní Mòwé àti ní Ifọ̀. Ẹ́ńjìn ń mí, ó ń mu ọ́ìlì, ó ń wúkọ́, ó ń gbóná, ó ń dákẹ́: gbogbo èdè tí a nílò ti wà lẹ́nu wọn. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní Yorùbá ní 1859. Tó bá jẹ́ pé èdè wa tó gbé ìròyìn ayé nígbà yẹn, ó tó gbé ojú ewé kan nípa ọ́ìlì lónìí. A ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ojú ewé náà rèé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn ọkọ̀:

1. Ṣí ìwé ìléwọ́, wá ìlànà iṣẹ́ líle. Kọ iye kìlómítà àti iye oṣù tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ pé ni ọjọ́ rẹ.

2. Lójoojúmọ́ Sátidé, kí o tó tan ọkọ̀, gbé e síbi tó tẹ́jú, fa géèjì wò. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì.

3. Lọ́jọ́ sáàfíìsì, kọ gbogbo ariwo àti ìwárìrì tí o ti kíyè sí sílẹ̀ kí o tó kúrò nílé.

4. Ọ́ìlì tí ìwé pè, fílítà ọ́ìlì tuntun. Kí wọ́n má fọ fílítà àtijọ́ padà sí i.

5. Jẹ́ kí wọ́n wo fílítà atẹ́gùn, bíréèkì, omi rẹdiétọ̀, orí bátìrì, atẹ́gùn táyà, àti bóyá nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ le dáadáa.

6. Dúró tì wọ́n. Bí wọ́n bá ṣe tán, tan ọkọ̀, kí o wo abẹ́ rẹ̀ bóyá nǹkan ń kán.

7. Gba rìsíìtì tó ní ọjọ́, iye kìlómítà àti orúkọ ọ́ìlì. Gba òǹtẹ̀ sínú ìwé. Kọ ọjọ́ tó kàn.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ fi ojú ewé yìí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀, kí ẹ sì bi í léèrè nígbà tí ẹ bá tún rí i: kìlómítà mélòó lo ti rìn, wákàtí mélòó lo sì ti dúró?